Kọ̀ǹpútà Tí A Ò Tíì Dúpẹ́ Rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi Twumasi kì í kan ilẹ̀kùn. Fèrè ọkọ̀ rẹ̀ ló máa ń fọn lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo àdúgbò á sì mọ̀ pé ó dé. Ní ọjọ́ Sátidé tí mò ń sọ yìí, a kò gbọ́ fèrè. Mo kàn gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni mo rí i lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó gbé páálí pẹlẹbẹ kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ ìkókó, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì mọ́ tónítóní. Ohun tó bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Mẹkáníìkì ni ẹ̀gbọ́n mi, ní Suame, àdúgbò àwọn mẹkáníìkì, láti kékeré ló ti ń kọ́ ọ, n kò sì rántí ìgbà tí mo rí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ láìsí ọ́ìlì níbẹ̀. Ó ní kẹrosíìnì lòun kọ́kọ́ fi fọ̀ ọ́, òun fi ọṣẹ tẹ̀lé e, òun sì tún padà sórí kẹrosíìnì, kí páálí náà má baà ní àbàwọ́n.

Ó ní kí n pe Frema wá.

Frema ni ọmọ mi. Ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì níbí ní Kumasi, ó ti wọ ọdún kejì, kò sì ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ló máa ń tọrọ, tí onítọ̀hún bá ti parí tirẹ̀ ni tọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wà ní Takoradi pẹ̀lú ìyàwó míì. Ó máa ń fi ìkíni ránṣẹ́ lọ́dọọdún, ìkíni rẹ̀ a sì máa dùn, ṣùgbọ́n a kì í fi ìkíni sanwó ilé ẹ̀kọ́. Wofa rẹ̀, bí a ṣe ń pe arákùnrin ìyá ẹni, ló ń san án, ìyẹn Twumasi ẹ̀gbọ́n mi. Ta ni ì bá tún san án? Ọmọ tí arábìnrin ẹni bí, ọmọ ẹni ni. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni.

Frema tú páálí náà lójú gbogbo ilé. Ohun tó jáde níbẹ̀ tinrin, ó fẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ rẹ̀ sì ń dán bíi wúrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà lójú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì ní kí Frema fi ọwọ́ ara rẹ̀ bó o. Ọmọ náà bó o, àwọn obìnrin inú ọgbà pàtẹ́wọ́.

"Kò tíì sí ẹni tó fọwọ́ kàn án rí," ẹ̀gbọ́n mi wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti dì í pa. Frema, ìwọ ni ọwọ́ àkọ́kọ́."

Opanyin Safo, àgbà ẹbí wa tó ń gbé yàrá tó kángun sí ìdí kànga, ti jáde sí ọgbà nígbà yẹn. Ó wo kọ̀ǹpútà náà tán, ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó sì kéde pé láàárọ̀ ọ̀la, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, a ó gbé ọtí lọ dúpẹ́.

Bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn. Ẹ̀bùn tí a kò tíì gbé ọtí lọ dúpẹ́ rẹ̀, kò tíì di ẹ̀bùn. Ohun tí ẹnì kan gbé sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnì kan ni. Ṣùgbọ́n tí a bá ti dúpẹ́ tán, tí ẹni tó fúnni ti gba ọtí, tí àwọn ẹlẹ́rìí sì ti mu nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ẹni tó fúnni kò lè gbà á padà mọ́, ẹni tó gbà á kò gbọdọ̀ dá a padà, kò gbọdọ̀ pààrọ̀ rẹ̀, kò tilẹ̀ gbọdọ̀ ráhùn lórí rẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é lórí oko kòkó náà la ṣe ń ṣe é lórí aago ọwọ́. Opanyin Safo fẹ́ràn àṣà yìí ju gbogbo àṣà tó kù lọ, nítorí òun ni agbẹnusọ ẹbí, agbẹnusọ ló sì máa ń kọ́kọ́ tọ́ ọtí náà wò.

Frema fi ẹnu dúpẹ́ lọ́wọ́ Wofa rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀, ó ṣe gbogbo ohun tó yẹ kó ṣe. Ṣùgbọ́n èmi ni mo bí i. Eyín lásán ló ń rẹ́rìn-ín, ojú kò bá a dá sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi lọ tán, Frema gbé ẹ̀rọ náà sórí àga, ó ní òun fẹ́ gbé iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nílé ẹ̀kọ́ sórí rẹ̀ wò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gún fùfú. Mo gún un, mo yí i, mo gún un tán, mo bù ú sínú àwo, mo bu ọbẹ̀ lé e. Nígbà tí mo padà wo ọmọ náà, ohun róbótó kan ṣì ń yí lójú ẹ̀rọ, òun náà sì káwọ́ lérí.

"Ìyá, ó rẹwà," ó ní.

"Mo ti rí i pé ó rẹwà. Èyí tó kù ni kí o sọ."

Ó wá sọ ọ́. Ó ní ẹ̀rọ ẹni tó fẹ́ wo fíìmù ni, ẹ̀rọ ẹni tó fẹ́ kọ lẹ́tà. Ẹwà ló pọ̀ níbẹ̀, agbára inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Iṣẹ́ tí wọ́n ń fún wọn lọ́dún yìí ti ń fún un lọ́rùn báyìí, èyí tó ń bọ̀ ní sáà kejì kò lè gbé e rárá. Mo bi í pé ṣé kò ṣeé fi kún ni. Ó ní nínú irú èyí, wọ́n ti jó gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra, kò sí ibi téèyàn lè ṣí, kò sí ohun téèyàn lè yọ, kò sí ohun téèyàn lè fi sí i.

Ó tún ní òun ti rí èyí tí òun fẹ́, ó ti pẹ́. Ó wà ní Adum, ní ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asabere. Tòkunbọ̀ ni, ó dúdú, ó nípọn, ó wúwo bíi búlọ́ọ̀kù. Ọ́fíìsì kan nílẹ̀ òkèèrè ló ti lò ó kí wọ́n tó kó o wá. Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ju ti wúrà yìí lọ ní ìlọ́po, owó rẹ̀ kò tó ti wúrà yìí, bátìrì rẹ̀ ṣeé yọ, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣeé tú. Ìgbà tó ń ṣàlàyé rẹ̀ ni ojú rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn. Ọmọ yìí ti ń lọ wo ẹ̀rọ náà ní ṣọ́ọ̀bù bí ẹni ń lọ wo àfẹ́sọ́nà.

Inú bí mi. "Kí ló dé tí o kò sọ fún Wofa rẹ kó tó lọ náwó? Àbí ẹnu rẹ wọ̀ ni?"

"Wọn ò bi mí. Ẹni tó fẹ́ fúnni lẹ́bùn, ṣé a máa ń lọ bá a pé èyí báyìí ni kó rà?"

Ìyẹn tún bí mi nínú sí i. Èmi ni mo kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ yẹn.

"Ìyá," ó ní, "tí a bá lọ dúpẹ́ lọ́la, èyí ni màá lò títí màá fi jáde. Mi ò sì rò pé mo lè fi jáde."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dá inú rírun sílẹ̀. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, nígbà tí Opanyin Safo da aṣọ bora tó sì dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn mi pẹ̀lú ọ̀pá, mo ká jọ lórí ẹní, mo ní inú ń run mí. Ó wò mí títí. Ó ní inú rírun kì í ṣe àìsàn ẹsẹ̀, ilé Twumasi kò sì jìnnà. Mo gbin. Ó padà sí yàrá rẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́ ẹni tí wọ́n gba ife lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, orí ló ń fọ́ mi. Lẹ́yìn ìyẹn kò bi mí mọ́, èmi náà kò sì mọ àìsàn tí ǹ bá tún dá.

Mo rò pé tí a bá ti fi ọjọ́ díẹ̀ fà á, ọgbọ́n kan á wá. Ọgbọ́n kankan kò wá. Ohun tó wá ni pé ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kọjá níwájú ilé wa láìfọn fèrè, ó lọ, ó tún bọ̀, kò fọn ọ́n. Lọ́jọ́ kejì ni Opanyin Safo wọlé tọ̀ mí wá, ó jókòó, ó sì jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

Ó ní Twumasi ní kí òun sọ fún mi pé òun gbọ́ pé bàbá Frema ti fi kọ̀ǹpútà tó dára ju tòun lọ ránṣẹ́ láti Takoradi. Ó ní ó ti wá yé òun ìdí tí a kò fi wá dúpẹ́. Kí a kàn dá tòun padà ni, òun kò bínú.

Ẹni tó bá rán èèyàn sí ọ pé òun kò bínú, tètè wá ibi kan jókòó sí. Bàbá Frema! Ọkùnrin tí kò fi sálúbàtà ránṣẹ́ sí ọmọ yìí rí! Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló sì fẹ́ jáde. Nígbà tí ìyá wa kú, ẹ̀gbọ́n mi yìí ló ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún mi, òun ló sì gbé e lérí wá láti ibi tí ọkọ̀ já a sí. Òun ni mo wá pa irọ́ inú rírun fún, tí mo jẹ́ kó rò pé ọmọ rẹ̀ ti rí bàbá míì. Ó dùn mí wọ egungun.

Mo ní mo máa lọ bẹ̀ ẹ́ nìkan. Frema ní rárá, òun lọ̀rọ̀ kàn. Mo bi í pé ẹnu wo ló máa fi dúró níwájú Wofa rẹ̀ kó sọ pé ẹ̀bùn rẹ̀ kò dára. Ó ní ẹnu tèmi ni. Òun á máa bá mi sọ̀rọ̀, èmi á máa bá Wofa sọ ọ́, kò sì sí ẹni tó máa lè wí pé ọmọ kan já àgbà kan nírọ́. Mo wò ó. Kọ̀ǹpútà nìkan kọ́ ni wọ́n ń kọ́ ọmọ yìí.

A bá ẹ̀gbọ́n mi ní Suame, lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló yọ síta. Ní ibẹ̀, kò sí ibi téèyàn kọjú sí tí wọn kò ti ń fi òòlù lu irin, mo ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n tó lè kí i. Ẹsẹ̀ náà kí mi padà. Ó bi mí bóyá inú ti ṣíwọ́ rírun. Mo ní ó ti ṣíwọ́. Ó bi mí bóyá orí náà ti sàn, mo ní ó ti sàn. Ó ní ara mi le nígbà náà, àìsàn méjì nínú ọ̀sẹ̀ kan kì í ṣe eré.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "ọmọ yín ní òun ní ọ̀rọ̀ láti bá yín sọ."

"Kó sọ fún ọ, kí o sọ fún mi."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Frema dúró ní apá ọ̀tún mi, ó gbé kọ̀ǹpútà náà mọ́ra. Ó ní kí n sọ fún Wofa pé kò sí nǹkankan tó wá láti Takoradi, kò tilẹ̀ sí ẹni tó retí nǹkan láti Takoradi. Mo tún un sọ fún ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ ní kí n bi í pé kí ló wá dé. Mo bi í, bíi pé kò gbọ́. Ó ní kí n sọ fún Wofa pé ojú ń ti òun. Mo sọ ọ́. Ẹsẹ̀ ní ìtìjú kò rí iṣẹ́ ṣe nínú ọ̀rọ̀ ọpẹ́. Ọrùn ti ń dùn mí láti bẹ̀rẹ̀ kí n sì tún nàró.

"Ìyá," Frema ní, "ẹ bá mi bi Wofa ní ìbéèrè kan. Ká ní ẹnì kan gbé mọ́tò wá tà fún wọn. Tuntun ni, kò sẹ́ni tó wà á rí, ọ̀dà rẹ̀ ń dán. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi iná jó bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pa, èèyàn ò lè ṣí i láéláé, ẹ́ńjìnnì alùpùpù ló sì wà nínú rẹ̀. Ṣé Wofa á rà á?"

Mo bẹ̀rẹ̀, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ní ká ní ẹnì kan gbé mọ́tò..."

"Má tún un sọ."

Sípánà tó ti ń dún lábẹ́ ọkọ̀ láti ìgbà tí a ti dé dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi wọ́ jáde, ó jókòó sórí ilẹ̀, ọ́ìlì wà ní iwájú orí rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà náà. Ó rántí pé ọwọ́ òun dúdú, ó fẹ́ fà á sẹ́yìn, ó tún nà án, ó gbà á. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú. Ó ń fi èékánná wá ibi tí wọ́n ti máa ń tú u, ó wá a yí ká, etí rẹ̀ kan kò ṣẹ́ kù, kò rí ọ̀kankan.

"Tó bá bàjẹ́ ńkọ́?" Ẹ̀gbọ́n mi bi Frema fúnra rẹ̀.

"Wọ́n á jù ú nù, Wofa."

Ó mi orí. Ó fi aṣọ nu ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti kan ẹ̀rọ náà, àbàwọ́n náà sì tàn kálẹ̀ sí i.

"Oníbàárà tó bá wá ra ẹ́ńjìnnì nítorí ọ̀dà, mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ jẹun ọ̀sán ni," ó ní. "Èmi ni mo wá lọ ra ọ̀dà." Lẹ́yìn náà ó sọ̀rọ̀ bí ẹni pé èmi nìkan ló wà níbẹ̀. "Nyarkoa, ìwọ mọ̀ ọ́n. Ṣòkòtò tí mo fi lọ ilé ẹ̀kọ́, ọmọ ẹlòmíì ló ti wọ̀ ọ́ gbó. Sípánà tí mo fi kọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi ló ti lò ó. Mọ́tò mi, tòkunbọ̀. Ẹ́ńjìnnì tí mò ń tà jẹun, tòkunbọ̀. Ìyàwó mi pàápàá, ọkọ kan ti fẹ́ ẹ rí, ẹ má sọ fún un pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo wá ní kí ohun kan ṣoṣo wà nínú ẹbí yìí tó jẹ́ pé ọwọ́ tiwa ló kọ́kọ́ kàn án. Ohun tí mo lọ rà ní Adum nìyẹn. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà."

N kò lè wò ó lójú. Èmi tí mo rò pé afẹ́ ló ń ṣe.

Frema kò ní kí n bá òun sọ ọ́ mọ́. Ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ lórí ilẹ̀ ọlọ́ìlì, nínú aṣọ tó fi ń lọ ilé ẹ̀kọ́.

"Wofa, ta ló wọ yunifásítì nínú ẹbí wa kí n tó wọ̀ ọ́?"

"Kò sí."

"Ohun tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò kàn rí nìyẹn. Ẹ ti rà á, ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń rà á. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín yẹn, ẹ̀rọ lásán ni."

Ẹ̀gbọ́n mi wo ọmọ náà. Ó fi apá nu ojú, ó sì fi ọ́ìlì kun gbogbo rẹ̀. Ó ní kí ó dìde kó má ba aṣọ jẹ́, kí á máa lọ sí Adum. Èmi agbẹnusọ tí wọ́n mú wá kò rí iṣẹ́ ṣe mọ́, mo gbé báàgì mi, mo tẹ̀ lé wọn.

Ẹni tó ta èyí tó ń dán fún un kò gbà á padà. Ó ní a ti bó ọ̀rá ojú rẹ̀. A gba ọ̀dọ̀ Asabere lọ, géńdé kan tó ń rẹ́rìn-ín kó tó mọ ohun téèyàn fẹ́. Dúdú náà wà níbẹ̀, ó ń tàn lórí tábìlì, wáyà iná wà lára rẹ̀. Lára ẹ̀yìn ìdérí rẹ̀ ni wọ́n lẹ bébà kan mọ́, orúkọ ọ́fíìsì ilẹ̀ òkèèrè wà níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ti padà di ara rẹ̀. Ó ní kí Asabere yọ wáyà iná kúrò. Asabere ní bátìrì rẹ̀ dáa gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò bi í, ó jókòó, ó rán an níṣẹ́ kẹ́ńkẹ́, ẹ̀kọ àgbàdo tiwa, àti ẹja díndín, a sì jẹun nínú ṣọ́ọ̀bù oníṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ata, à ń wo ojú ẹ̀rọ bóyá á kú. Kò kú. Ó ní kí wọ́n tú ẹ̀yìn rẹ̀. Ó tẹ orí sí i, ó gbóòórùn rẹ̀ bó ṣe máa ń gbóòórùn ẹ́ńjìnnì, ó ní iná kò jó o rí, omi kò sì wọ̀ ọ́. Frema ń tẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó ń wo gbogbo kọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ bóyá ibì kan dúdú. Nígbà tí ó gbé iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lé e lórí, n kò tíì fọ ata kúrò lọ́wọ́ tán tó ti ṣí. Èmi tí n kò mọ nǹkankan nínú rẹ̀, mo rí ìyàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ wá ku ti pàṣípààrọ̀. Asabere yí èyí tó ń dán sọ́tùn-ún sósì, ó rí àbàwọ́n ọ́ìlì.

"Bàbá, mi ò lè ka èyí sí tuntun o. Ẹ ti lò ó. Tòkunbọ̀ ni báyìí."

Mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi á bínú. Ẹ̀rín ló bú sí, ó rín títí tó fi di ògiri mú. "Frema, ṣé o gbọ́? Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan, ó ti bá ìyàwó mi dọ́gba."

Ó bá Asabere ná an tán, wọ́n fi ọ̀kan gba ọ̀kan, kò sẹ́ni tó san owó sídì kankan. Asabere sì fi nǹkan pẹlẹbẹ kan tó dà bí ìka ọwọ́ sínú ẹ̀yìn dúdú náà láti fi kún agbára rẹ̀, ìyẹn ni èènì. Nígbà tí a jáde, Frema na ọwọ́ láti gbé e, ẹ̀gbọ́n mi kò fún un. Ó ń wo bébà ọ́fíìsì yẹn. Ó ní kí ó fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun títí di ọjọ́ ìdúpẹ́. Ojú ọmọ mi rẹ̀wẹ̀sì, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́? Inú mi kò gbọdọ̀ tún run.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní ọjọ́ Sọ́ńdè, a gbéra. Wọ́n ti mú iná lọ ní gbogbo àdúgbò, Opanyin Safo sì ń fi ọ̀pá tọ ọ̀nà, ó fi ìgò ọtí sínáàpù há abíyá bí ẹni tí ẹnì kan fẹ́ jà á lólè. Ẹ̀gbọ́n mi ti wọ aṣọ ńlá, ó ti jókòó sórí àga ní pálọ̀, àbẹ́là kékeré kan ń jó. Orí tábìlì tó wà níwájú rẹ̀ ni ẹ̀rọ náà wà, ó fi aṣọ bò ó.

Opanyin Safo dúpẹ́. Ó dúpẹ́ fún Frema, ó dúpẹ́ fún mi, ó dúpẹ́ fún ìyá wa tó ti lọ, ó rántí inú rírun mi pẹ̀lú, ó ní òun dúpẹ́ pé ó sàn. Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ ọ̀tún, ó gba ọtí. A mu ún káàkiri. Ó di ẹ̀bùn.

Ìgbà náà ló ní kí Frema ṣí aṣọ.

Bébà ọ́fíìsì ti lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbé ẹ̀rọ náà fún ọkùnrin tó máa ń kọ nǹkan sára ọkọ̀ akẹ́rù ní Suame. Ọkùnrin náà ti fi ọ̀dà pupa àti ìyeyè kọ̀wé sí i, pẹ̀lú òjìji lábẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sí iwájú ọkọ̀ tó ń kó iṣu láti Techiman. Ó gba gbogbo ẹ̀yìn ìdérí ẹ̀rọ náà. Ohun tó kọ ni ỌWỌ́ ÀKỌ́KỌ́.

Ẹ̀rù bà mí. Mo rò ó bí ọmọ mi yóò ṣe gbé e wọ kíláàsì láàárín àwọn ọmọ olówó tí tiwọn ń dán. Frema fi ìka tọ lẹ́tà náà láti ọ̀kan dé èkejì, omi sì bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Ó ní, "Wofa, ẹ ṣé," bó ti ṣe wí i nìyẹn, kò gba ẹnu ẹnikẹ́ni kọjá.

Ó ṣí i. Àbẹ́là ti kú nígbà yẹn, iná ojú ẹ̀rọ sì tan gbogbo pálọ̀. Gbogbo wa kó sí ẹ̀yìn Frema láti wò ó. Opanyin Safo ní òun lè rí ìgò báyìí, ó sì bu díẹ̀ sí i. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní ká ṣí fíìmù.

Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni kò dìde. Ó jókòó sí ọ̀kánkán wa, ní iwájú tábìlì, níbi tí kò ti rí ojú ẹ̀rọ rárá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń wò. Ìwé tó kà kò pọ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló máa ń mú, ètè rẹ̀ sì ń mì láìsí ohùn. Nígbà tó kà á dé òpin, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.